Ariwo Tí Kò Kúrò Létí Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Kò tíì dákẹ́. Mo rò pé oorun yóò gbé e lọ, bó ṣe máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo lajú láàárọ̀ yìí, òun ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ó ń dún wíìì, tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá há sí etí èèyàn tí kò sì mọ ọ̀nà àbájáde. Mo ya ẹnu títí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi dún. Mo fi ìka dí etí méjèèjì, ìgbà náà ló wá le sí i, mo sì mọ̀ pé inú ló wà, kì í ṣe ìta.

Gúgúrú, olórin wa, ló fà á. Àná, nígbà tí à ń dán ẹ̀rọ wò ní kíláàbù, lọ́sàn-án gangan, ó gbé máìkì, ó ń jó lọ síwájú sípíkà bí ẹni pé èrò ti kún ibẹ̀. Mo ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé kó má kọjú máìkì sí sípíkà. Igbe tó jáde níbẹ̀, n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà náà gan-an ni mo lóṣòó sí, mo ń so wáyà. Gúgúrú ní, "Má bínú, Etí Ehoro." Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀ nìyẹn, torí pé bí wáyà kan bá ń kùn níbikíbi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí kí n lè mọ ọjọ́ tó bá dákẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Òjò láti òwúrọ̀. Màmá pè mí láti yàrá ìránṣọ rẹ̀ pé kí n wá bá òun na aṣọ kọ́tìnnì tí wọ́n fẹ́ wá gbé lọ́la. N kò gbọ́. Ó pè mí títí, ó fi wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ṣé o kọ etí ikún sí mi ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ló ń pariwo."

"Ẹ̀rọ wo? Kò síná látàárọ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń ránṣọ."

Mo bá a na aṣọ náà, mo ń rẹ́rìn-ín bí òpònú, ó sì ń wò mí. Ó ní kíláàbù yìí ni yóò sọ mí di aláìgbọ́ràn. Lójú Màmá, kò sí ẹni gidi kan tó ń ti ilé ijó bọ̀ láàárọ̀.

Ká ní ó mọ ibẹ̀ lọ́sàn-án ni, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dojú àwọn àga délẹ̀ sórí tábìlì, ọṣẹ àti ọtí tó dà sílẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀ ń rùn. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ máa ń kọ orin tí Gúgúrú kọ lálẹ́ àná, ó sì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ẹnu ẹni tó ni ín lọ. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìta. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, àwọn tí ọ̀gá wọn ti fojú wọn gbolẹ̀ láti ọjọ́ Ajé wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi wákàtí díẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ́ lọ́sàn-án ni. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé àwọn á relé, èmi ni mo máa ń dúró ti sípíkà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo fi òwú dí etí lọ síbi iṣẹ́ lánàá. Ọ̀gá wa rí i, ó sì pe gbogbo èèyàn kí wọ́n wá wò ó. "Ẹ wo Etí Ehoro, ó ń fi òwú dí etí. Ṣé orin wa ń rùn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yọ òwú náà sápò. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọ̀gá kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju "gbé e sókè" lọ. Bí èrò bá pọ̀, gbé e sókè kí wọ́n lè gbọ́. Bí èrò ò bá pọ̀, gbé e sókè kí àwọn tó wà níta lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ orin àwọn ọmọ àdúgbò wa dára. Mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó rò pé orin tó bá ti òkè òkun wá nìkan ló jẹ́ orin. Gúgúrú gan-an, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ torí ohùn rẹ̀ tó ń ta pàrà-pàrà, bó bá jókòó lọ́sàn-án pẹ̀lú gìtá lórí itan, á mú kí èèyàn rántí ẹni tó ti kú. Ṣùgbọ́n kó ti gorí pèpéle báyìí, á di ẹni tí ajá ń lé. Orin wa kò burú. Àwa la ń fi ariwo pa á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Etí mi ń hó. N kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo wà ní yàrá Ojú Mẹ́rin láti ọ̀sán. Awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń kọ géèmù tí à ń ṣe sínú kọ̀ǹpútà, Ayàwòrán ló ń ya ohun tí ojú ń rí, èmi ni mo ń ṣe ohun tí etí ń gbọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ni Ilé Dúdú. Òpin oṣù tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ síbi ìdíje àwọn tó ń ṣe géèmù. Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọ́n á fún un ní ọ́fíìsì lò fún ọdún kan. Ibùsùn Ojú Mẹ́rin ni ọ́fíìsì wa báyìí, ìrọ̀rí sì ni tábìlì mi.

Nínú Ilé Dúdú, iná máa ń kú. Ẹni tó ń gbá a kò ní rí nǹkan kan mọ́, etí ni yóò fi mọ̀nà. Ẹranko kan ń wá a kiri, ó ń tẹ̀ wúwo, gbì, gbì. Ilẹ̀kùn àbáyọ ní agogo kékeré kan tó ń dún ṣíín-ṣíín. Bí o bá gbọ́ agogo, máa lọ sápá ibẹ̀. Láìsí agogo, kò sí géèmù, agogo náà sì ni mo ń ṣe lọ́wọ́.

Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn títí di ọjọ́ ìdánwò. Lọ́dún tó kọjá, torí àwọ̀ ògiri kan ṣoṣo, Ojú Mẹ́rin àti Ayàwòrán kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, èmi ni mo di alárinà. Láti ìgbà náà, kálukú ń ṣọ́ oko rẹ̀. Ojú Mẹ́rin kì í tilẹ̀ gbọ́ géèmù náà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pa ohùn rẹ̀ pátápátá, ó ní agogo ń da òun lọ́pọlọ rú.

Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ onígbàjámọ̀ yọjú láti ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé.

"Ẹ̀yin mẹ́ta yìí, ìgbà wo lẹ máa wáṣẹ́ ṣe?"

"Iṣẹ́ la wà lẹ́nu ẹ̀ yìí, Bọ̀dá," Ojú Mẹ́rin dá a lóhùn.

"Mo ti rí i. Ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan ń ya ẹranko, ọ̀kan ń lu agogo. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Àwọn àgbà rò pé géèmù ń sọni di ọ̀lẹ. Èmi ò mọ ohun tó kọ́ mi ní sùúrù tó géèmù. O máa kú lójú kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, wàá sì tún dìde. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bà mí lẹ́rù nìyí. Nínú géèmù, bí o bá pàdánù ẹ̀mí kan, wọ́n á fún ẹ ní òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kẹ́tùlù wa máa ń súfèé bí omi bá hó. Lónìí mo dúró tì í ní ilé ìdáná, mo ń retí ìfé rẹ̀, títí tí èéfín omi fi bo fèrèsé. Màmá sáré wọlé, ó pa iná. "Ṣé ò ń sùn lóòró ni?" Mo ní mo ń ronú.

Lẹ́yìn tó jáde, mo gbé e padà sórí iná. Mo tẹ orí sún mọ́ ọn débi tó jẹ́ pé ooru rẹ̀ fẹ́ bó mi lójú. Mo rí i tó ń tu èéfín lẹ́nu. Ó ń súfèé, mo mọ̀ pé ó ń súfèé, n kò sì gbọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún.

Bátìrì hẹ́dífóònù tún ti gbówó lórí. Mo ra méjì dípò mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà etí jẹ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù lẹ gbogbo ògiri rẹ̀, ó fi hẹ́dífóònù sí mi létí, ó fún mi ní bọ́tìnnì kan. "Ohùn èyíkéyìí tó o bá gbọ́, bó ti wù kó kéré tó, tẹ èyí." Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ lódìkejì fèrèsé.

Ohùn àkọ́kọ́ wá, mo tẹ̀ ẹ́. Ìkejì wá, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bí Dókítà bá fẹ́ rán ohùn sí mi, èjìká ọ̀tún rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá géèmù dáadáa mọ̀ pé kò sí ọ̀tá tí kì í fàmì hàn kó tó kọlù ẹ́. Wo èjìká rẹ̀, wàá mọ ìgbà tó yẹ kí o fò. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká sọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Èjìká tún sọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀kan tàbí méjì kó má baà dà bíi pé mo gbọ́n jù.

"Etí rẹ dára," ó sọ fún mi nígbà tó ṣílẹ̀kùn. "Ariwo yẹn lè jẹ́ àárẹ̀. Máa sùn dáadáa."

Mo dúpẹ́ bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Mo ti borí, n kò sì mọ ẹni tí mo borí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo sùn dáadáa bó ṣe ní kí n ṣe. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, pípele ló ń pele sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Oòrùn ràn lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo gbé iṣẹ́ wá sílé torí Ojú Mẹ́rin ní òtútù, ó ń sín sórí gbogbo nǹkan.

Agogo náà kò jáde. N kò mọ ohun tó dé. Mo ṣe é lóṣù tó kọjá, ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n báyìí ó dà bíi pé ẹnìkan fi aṣọ bò ó. Mo gbé e sókè díẹ̀, kò tó. Mo gbé e sókè sí i, mo tún pọn ọ́n kó mú bí abẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbì-gbì ẹsẹ̀ ẹranko náà kò fún mi ní wàhálà rárá, ó ń lù mí láyà bó ṣe yẹ. Mo ń sọ fún ara mi pé Dókítà ti ní etí mi dára.

Ajá ẹ̀yìnkùlé ń gbó ṣáá bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá ní kí n dín nǹkan tí mò ń ṣe kù. Mo ní hẹ́dífóònù ni mo fi ń gbọ́. Ó ní òun gbọ́ ọ láti yàrá òun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Mo lálàá pé Gúgúrú ń kọrin, ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń padé, gbogbo èèyàn ń jó. Mo jí, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú òkùnkùn láti rí i dájú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Ọjọ́ ìdánwò. Màá gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe lọ.

A to àga sí iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á kọ́kọ́ gbá a, kí òun lè mọ ohun tó ń jẹ iná òun. Ó fi hẹ́dífóònù sétí, ó ń rìn nínú Ilé Dúdú, ó ń bú ẹranko náà lábẹ́lẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Iná kú. Lójijì ó já hẹ́dífóònù náà kúrò, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó di etí mú.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Kí lẹ fi síbẹ̀?"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ràn láti fi wá ṣẹlẹ́yà ni. Mo ní, "Bọ̀dá, agogo lásán ló bà yín lẹ́rù." Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán ló tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣàwàdà. Iná kú, kò tíì ka méjì tán tó fi yọ ọ́ létí. Omi lé sí i lójú. Ó ní, "Ó gún mi dénú eyín." Ayàwòrán gbé e sétí, òun náà fò sókè. Ojú Mẹ́rin gbé e sétí, awò rẹ̀ já bọ́.

Mo gba hẹ́dífóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi sétí. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rin dé ibi tí iná ti ń kú, iná sì kú. Ẹranko ń bọ̀, gbì, gbì. Mo dúró. Mo mọ ibi tí agogo wà torí èmi ni mo gbé e síbẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" Ojú Mẹ́rin bi mí.

"Mo gbọ́ ọ. Hẹ́dífóònù yìí ló ti bàjẹ́."

Ayàwòrán gbé tirẹ̀ wá, tuntun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ní inú ń run mí, mo sì lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ kẹ́tùlù ni mo ti mọ̀. Mo bẹ̀rù òótọ́ débi pé mo lọ tan ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún mi jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ojú Mẹ́rin wá sílé wa lọ́sàn-án. Kì í wá. Ó jókòó sórí àga tó kọjú sí mi, ó gbé ọwọ́ lé itan, fóònù rẹ̀ wà nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó bi mí nípa inú rírun. Ó sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó sọ pé Ayàwòrán ti tún ojú ẹranko yà, ó ti wá jọ ọ̀gá kíláàbù wa. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú mi ṣáá, ojú tirẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Kọ́tìnnì ṣí, Màmá yọrí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, agogo wo lẹ̀ ń lù látìgbà tó ti jókòó yìí? Ó ti ń fọ́ mi lórí."

Ojú Mẹ́rin fi àtàǹpàkò tẹ fóònù náà. "Ẹ má bínú, Mà. Mo ti pa á."

Màmá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó wo fóònù, ó wo Ojú Mẹ́rin, ó wò mí.

"O ò gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti igbe sípíkà, ti kẹ́tùlù, ti èjìká Dókítà. Nígbà tí mo dé ibi èjìká, Ojú Mẹ́rin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí. Nígbà tí mo parí, Màmá ní, "Mo ti ń pè ẹ́ ní aláìgbọ́ràn láti oṣù tó kọjá." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan.

Mo fi agogo náà lé wọn lọ́wọ́. Ayàwòrán ló máa fi etí rẹ̀ ṣe é, èmi á máa bá ìró ẹsẹ̀ ẹranko lọ. Ojú Mẹ́rin ní òfin wa ti parí. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, torí nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe, agogo yẹn ló dáa jù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó rò pé ibòmíràn ló gbà mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní, "Àbí ká wá bọ́tìnnì kan tó máa ń dín in kù?" Mo ní ó wà, Ọ̀gá gan-an ló máa ń ní ká gbé e sókè.

Gúgúrú tẹ̀ lé mi jáde. Ó fi ara ti ògiri ẹ̀yìn kíláàbù, ibi tí wọ́n ń kó ìgò òfìfo sí.

"Èyí tó ń dún wíìì yẹn," ó ní, "ṣé tìẹ náà máa ń le sí i tí ibi gbogbo bá dákẹ́?"

"Tèmi náà? Ìwọ ń gbọ́ ọ ni?"

"Ó ti pẹ́. Mo rò pé bí etí gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn."

Ó béèrè bóyá ó máa ń lọ. Mo ní n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun á gbìyànjú kí òun má kọjú máìkì sí sípíkà mọ́, ó sì wọlé lọ múra fún iṣẹ́ alẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò tíì rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ rí, àfi lónìí. Kó tó wọlé, mo ti fún un ní àdírẹ́sì Dókítà. N kò rò pé á lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Màmá bá mi lọ. Ó ní bí òun ò bá jókòó síbẹ̀, mo tún lè lọ wo èjìká ẹlòmíràn.

Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Dókítà. Kò bínú. Ó ní àwọn awakọ̀ tó ń wá ìwé àṣẹ ló sábà máa ń dán irú ẹ̀ wò, òun ò tíì rí ẹni tó wá tan ara rẹ̀ jẹ. Ó yí àga mi kọjú sí ògiri, ó ti ilẹ̀kùn.

Ohùn ìsàlẹ̀ wá, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún wá, mo tẹ̀ ẹ́. Ló bá tán. Mo dúró. Ohun tó ń hó nínú mi nìkan ni mo ń gbọ́. Àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì, kò sì rí iṣẹ́ ṣe. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti parí, tàbí wọ́n ń rán ohùn sí mi lọ́wọ́ tí gbogbo rẹ̀ ń kọjá lára mi. Ìka mi ń yún mi láti tẹ nǹkan. N kò tẹ̀ ẹ́.

Dókítà ṣàlàyé fún àwa méjèèjì. Àwọn ohùn òkè, bí agogo, bí ẹyẹ, èyí tó ti lọ nínú wọn kò ní padà. Ti ìsàlẹ̀ ṣì wà. Bí mo bá yàgò fún ariwo, ó ṣeé ṣe kó dúró. Mo ní ṣé ó dájú. Ó ní òun ò lè ṣèlérí.

Màmá gbá àpò rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ tèmi náà wò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún sí mi létí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge."

Dókítà gbà. Màmá wọlé, ó jókòó, hẹ́dífóònù tẹ gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjú sí wa, ògiri ń fún òun láyà. Èmi dúró lẹ́yìn Dókítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí èèyàn ò lè rí láti inú yàrá. Bí ohùn bá ti lọ, iná náà á tàn.

Iná tàn, Màmá tẹ̀ ẹ́. Iná tàn, Màmá tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ ìdáhùn. Dókítà ń gbé ohùn náà lọ sókè, láti orí èyí tí mo gbọ́ dé orí èyí tí n kò gbọ́. Màmá gbójú sókè, ó wò mí láti inú fèrèsé.

Iná tàn. Màmá kò tẹ̀ ẹ́. Iná tún tàn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n, ó sì fa àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe, títí dé orí èyí tó ga jù. Ìgbàkígbà tí iná bá tàn, ojú rẹ̀ á ṣẹ́ fìrí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú kan.

"Màmá náà kò gbọ́ àwọn ti òkè," Dókítà sọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ṣé o rí i? Àwa méjèèjì ni. Má rò pé ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo dì í lọ́wọ́ mú lọ sí ibùdókọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. N kò sọ fún un pé mo ń wo iná náà.